Ẹ Bi Igi Léèrè Kí Ẹ Tó Gbé Àdá

Òwe kan wà tí kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n nínú wa: kékeré ni a ti ń pa ẹ̀ka ìrókò, bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ọmọ ni a sábà máa ń fi òwe yìí tọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ igi gan-an ni mo fẹ́ fi í sọ lónìí. A mọ bí a ti ń gbin igi eléso, a sì mọ bí a ti ń ká èso rẹ̀. Ohun tí ó wà láàárín méjèèjì, èyí tí í ṣe rírẹ́ ẹ̀ka, ni a kò fi bẹ́ẹ̀ kà sí. Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í ṣe é rárá. Àwọn tí wọ́n sì ń ṣe é, púpọ̀ nínú wọn ń ṣe é bí ẹni tí ń ṣán igbó. Èrò tèmi ni pé àṣìṣe kejì yìí burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí ẹ̀ka tí a kò gé ní ọdún yìí, a lè gé e ní ọdún tí ń bọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí a bá ti gé, kò sí ẹni tí yóò dá a padà sí ara igi.

Ìbéèrè kan láti Jahi

Ìbátan mi kan tí ń gbé ní Jahi, ní Àbújá, ni ó mú mi ronú kan ọ̀rọ̀ yìí. Fún ẹni tí kò bá mọ ibẹ̀, abúlé àwọn Gbagyi ni Jahi jẹ́ kí ìjọba àpapọ̀ tó ya ilẹ̀ Àbújá sọ́tọ̀ fún olú-ìlú ní ọdún 1976. Lónìí, ilé ńláńlá àti ọ̀nà ọlọ́dà ti gba púpọ̀ nínú ilẹ̀ tí a ti ń dáko níbẹ̀ rí. Ẹ̀yìnkùlé ni ó kù fún ẹni tí ó bá fẹ́ràn iṣẹ́ ilẹ̀, ẹ̀yìnkùlé náà sì ni ìbátan mi gbin igi ọ̀pọ̀tọ́ kan sí.

Kì í ṣe ọ̀pọ̀tọ́ inú igbó wa ni mo ń wí. Ọ̀pọ̀tọ́ ilẹ̀ òkèèrè ni, èyí tí Bíbélì àti Kùránì dárúkọ, tí àwọn ará ilẹ̀ Lárúbáwá àti ti Tọ́kì ti ń gbìn láti ayébáyé. Ẹ̀ka kékeré kan tí a gé fún un ni ó gbìn. Igi náà mú, ó dàgbà, ó so, ó sì gbilẹ̀ títí ó fi bo fèrèsé. Ní ìparí oṣù kẹwàá ọdún kan, nígbà tí òjò ń palẹ̀ mọ́, ó pe alágbàṣe kan pé kí ó bá òun rẹ́ ẹ̀ka rẹ̀. Alágbàṣe náà gé gbogbo ẹ̀ka tán pátá, ó ku ìtì nìkan. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí ọwọ́ alágbàṣe fi lé ròrò nítorí oje tí ó ta sí i lára. Nígbà tí ọyẹ́ dé, oòrùn ń pa ìtì náà ní ìhòòhò, èèpo rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í là. Ìbátan mi wá bi mí léèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n hú u dànù ni?"

Kí n tó sọ èsì tí mo fún un, ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí ó ti ṣì í ṣe. Kì í ṣe pé ó rẹ́ ẹ̀ka ni àṣìṣe rẹ̀, nítorí igi náà ń fẹ́ rírẹ́. Àṣìṣe rẹ̀ ni pé ìbéèrè méjì wà tí ó yẹ kí a bi igi kí a tó gbé àdá sí i, kò sì bi í ní ọ̀kankan. Èkíní ni pé, níbo ni ìwọ igi yìí ń so sí? Èkejì ni pé, nígbà wo ni o ń sinmi? Ẹni tí ó bá mọ ìdáhùn sí méjèèjì lè rẹ́ igi yòówù kí ó jẹ́. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, bí àdá rẹ̀ ti mú tó ni òfò rẹ̀ yóò ti pọ̀ tó.

Níbo ni igi ń so sí?

Ìdílé ńlá ni ìdílé ọ̀pọ̀tọ́. Òdán tí a ń gbìn síwájú ààfin àti sí àárín ọjà fún ìbòòji, ọmọ ìdílé náà ni. Eépín tí àwọn ìyá wa ń fi ewé rẹ̀ fọ ìkòkò, tí àwọn oníṣẹ́ ọnà sì ń fi dán igi, ọmọ ìdílé náà ni. Ẹ kò ní rí òdòdó lára ọ̀kankan nínú wọn, nítorí inú èso ni òdòdó wọn fara pamọ́ sí, àwọn kòkòrò wínníwínní ni ó sì ń wọlé tọ̀ ọ́ lọ. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi máa ń sọ pé ọ̀pọ̀tọ́ a pọ́n lóde, kòkòrò a sì kún inú rẹ̀.

Síbẹ̀, bí wọ́n ti jẹ́ ẹbí tó nì, wọn kì í so bákan náà. Ọ̀pọ̀tọ́ inú igbó wa a máa so ní òṣùṣù sí ara ìtì àti sí ara ẹ̀ka tí ó ti gbó, lórí àwọn ọwọ́ kéékèèké tí kò ní ewé. Ọ̀pọ̀tọ́ ilẹ̀ òkèèrè ní tirẹ̀ lè so lẹ́ẹ̀mejì: èso ìṣáájú, tí kì í pọ̀, a máa yọ lára ẹ̀ka tí ó hù ní ọdún tí ó kọjá, èso tí ó pọ̀ a sì máa yọ lára ẹ̀ka tuntun ti ọdún náà gan-an. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fá àwọn ọwọ́ kéékèèké kúrò lára ìtì ọ̀pọ̀tọ́ wa kí ó lè mọ́ lójú, èso ni ó fá dànù. Ẹni tí ó bá sì fi ọ̀pọ̀tọ́ ilẹ̀ òkèèrè sílẹ̀ láìrẹ́ ẹ rí, èso rẹ̀ yóò máa jìnnà sókè lọ́dọọdún. Òun yóò máa fi ojú jẹ ẹ́, ẹyẹ àti àdán yóò máa fi ẹnu jẹ ẹ́.

Ẹ wá mú ọ̀rọ̀ yìí lọ sí oko yín. Bí ọ̀pọ̀tọ́ igbó wa ni kòkó ṣe ń so: ara ìtì àti ara ẹ̀ka ńlá ni. Ojú kan náà tí ó tanná ní ọdún yìí ni yóò tún tanná ní ọdún tí ń bọ̀. Bí àdá bá bó èèpo ojú náà, tàbí bí ẹni tí ń ká kòkó bá fi ipá ya èso kúrò lára igi, ojú náà ti fọ́ nìyẹn, owó tí ì bá máa ti ibẹ̀ wá lọ́dọọdún sì ti lọ. Kọfí yàtọ̀ pátápátá. Oríkèé ẹ̀ka kọfí tí ó bá ti so lẹ́ẹ̀kan kì í so mọ́. Iwájú ẹ̀ka ni èso ń sún lọ. Nítorí èyí ni a fi ń gé ògbólógbòó kọfí lulẹ̀ dé nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan sí ilẹ̀, kí ó lè yọ igi tuntun. Bí ẹ bá ṣe irú èyí fún kòkó yín nítorí pé ẹ rí i tí aládùúgbò yín ṣe é fún kọfí ní agbègbè Kábà, ẹ ó pa ebi mọ́nú fún ọdún mélòó kan. Ní ti máńgòrò, orí ṣóńṣó ẹ̀ka tí ó ti gbó ni ó ń tanná sí. Gbogbo etí ẹ̀ka tí ẹ bá gé kí ó tó tanná, èso ni ẹ gé.

Ṣé ẹ rí i pé kò sí àdá kan tí ó bá gbogbo igi mu?

Nígbà wo ni igi ń sinmi?

Ní àwọn ilẹ̀ tí òtútù ti ń mú gan-an, àwọn àgbẹ̀ a máa rẹ́ ọ̀pọ̀tọ́ ní àkókò òtútù, nígbà tí gbogbo ewé rẹ̀ ti wọ́ sílẹ̀. Àwa kò ní yìnyín. Ẹ̀ẹ̀rùn ni igi fi ń sinmi lọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ mi dáadáa: ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ni mo wí, n kò sọ pé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní Jahi, òjò a máa palẹ̀ mọ́ ní oṣù kẹwàá, kì í sì í fìdí múlẹ̀ títí di oṣù kẹrin. Igi tí a bá bọ́ láṣọ ní oṣù kẹwàá yóò wà ní ìhòòhò fún nǹkan bí oṣù márùn-ún. Bí ó bá tilẹ̀ yọ ọ̀mùnú, ọyẹ́ yóò jó o. Bí ìbátan mi bá ti mú sùúrù títí di ìparí oṣù kejì tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta, ọgbẹ́ igi náà ì bá ti gbẹ kí òjò tó dé, òjò àkọ́rọ̀ ì bá sì ti fa ẹ̀ka tuntun jáde, lára èyí tí èso yóò ti wá.

Ẹ má sì rò pé àárín òjò ni ó dára jù nítorí pé igi ń tutù yọ̀yọ̀ nígbà náà. Ọgbẹ́ tí kò rí ààyè gbẹ ni àrùn ń gbà wọlé. Ẹ̀ka ńlá kì í ṣe ohun tí a ń gé nígbà tí omi ń kán láti ara ewé.

Ti kòkó kò jìnnà sí èyí. Ẹ jẹ́ kí ìkórè ńlá tí ó máa ń wà láàárín oṣù kẹwàá àti oṣù kejìlá parí, ẹ jẹ́ kí ọyẹ́ tí ó mú jù rọlẹ̀, kí ẹ sì rẹ́ ẹ̀ka kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹwu. Ní ilẹ̀ Yorùbá, oṣù kejì sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta ni èyí máa ń bọ́ sí. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀ka tuntun tí ń yọ gbọnran láti ara ìtì kòkó, tí wọ́n ń fa oúnjẹ igi láìso, kò sí ìgbà tí a kì í mú wọn kúrò. Ẹ máa yẹ̀ wọ́n wò ní oṣù méjìméjì. Bí wọ́n bá ṣì rọ̀, ọwọ́ lásán tó. Kò gba àdá.

Máńgòrò ni kò bá wọn lọ. Bí ẹ bá dúró de ìparí ẹ̀ẹ̀rùn kí ẹ tó rẹ́ ẹ, orí èso ni ẹ ó bá a. Kété tí a bá ká a tán ni kí a rẹ́ ẹ, kí ẹ̀ka tuntun lè rí òjò mu, kí ó sì gbó kí àkókò ìtànná tó tún dé. Nítorí náà, nígbà tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé "ẹ̀ẹ̀rùn ni a ń gé igi," ẹ bi í pé igi wo.

Báwo ni kí a ti ṣe é?

Igi gànǹgàn kò gbọdọ̀ gún wa lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Kí ẹ tó gé ẹ̀ka kan, ẹ kọ́kọ́ rìn yí igi náà ká. Ẹ̀ka tí ó ti kú ni kí ó kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn rẹ̀ èyí tí àrùn wà lára rẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ èyí tí ń ha ẹlòmíràn lára, àti èyí tí ó rọ̀ sílẹ̀ tí ń dí ọ̀nà. Nígbà mìíràn, bí ẹ bá mú àwọn wọ̀nyí kúrò tán, ẹ ó rí i pé iṣẹ́ ti parí. Ní ọdún kan, ẹ má ṣe mú ju ìdá mẹ́rin igi lọ. Bí ó bá jẹ́ oko kòkó ògbólógbòó tí a ti pa tì, ẹ pín iṣẹ́ náà sí ọdún méjì tàbí mẹ́ta. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ejò ń gun àgbọn.

Ẹ̀ka ńlá, ayùn ni kí ẹ fi gé e. Ẹ kọ́kọ́ fi ayùn há a nísàlẹ̀ díẹ̀ kí ẹ tó gé e láti òkè, kí ó má bàa ya èèpo ìtì lọ nígbà tí ó bá ń wó. Ẹ má gé e wọ ara ìtì, ẹ má sì fi kùkùté gígùn sílẹ̀, nítorí kùkùté yóò rà, yóò sì ran ìtì.

Fún kòkó, ìtì kan ṣoṣo àti ẹ̀ka ńlá mẹ́ta sí márùn-ún tó. Ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn rí ọ̀nà gbà, nítorí ọ̀rinrin tí kò rí ibi jáde ni ó ń fún àrùn tí ń sọ èso di dúdú lágbára ní ìgbà òjò. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe lu orí oko ní ihò ńlá. Ibi tí oòrùn bá ti ń wọlé gan-an ni àwọn kòkòrò tí ń fa oje ẹ̀ka kòkó fẹ́ràn, ibẹ̀ náà sì ni koríko yóò ti gbilẹ̀. Bí ẹ bá rí àfòmọ́, ẹ gé ẹ̀ka tí ó wà lórí rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ibi tí ó ti wọ inú igi, kí èso rẹ̀ tó pọ́n tí ẹyẹ yóò fi tàn án ká.

Ẹni tí ó bá ń rẹ́ ọ̀pọ̀tọ́, kí ó wọ ẹ̀wù alápá gígùn, kí ó sì fi ọṣẹ wẹ oje kúrò kí oòrùn tó pa á. Oje náà àti oòrùn ni wọ́n jọ sun ọwọ́ alágbàṣe Jahi.

Ohun tí àwọn àgbẹ̀ ń wí

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn yóò ní, "Bí mo bá gé e, èso ọdún yìí yóò dín, ta ni yóò sì san owó ilé-ìwé ọmọ mi?" N kò ní parọ́ fún yín. Bí oko bá ti pẹ́ láìrẹ́, èso lè dín díẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ka iye èso kòkó dúdú tí ẹ dà nù ní ọdún tí ó kọjá, kí ẹ sì ka èyí tí ó ga débi pé ẹ kò rí i ká. Kí ni ẹ ń pàdánù lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí?

Àwọn àgbà mìíràn ní ìbẹ̀rù tí ó jinlẹ̀ jù èyí, mo sì bu ọlá fún un. Ní àwọn ọdún 1940, nígbà tí àrùn tí ń mú ẹ̀ka kòkó wú dé ilẹ̀ wa, ìjọba amúnisìn rán àwọn òṣìṣẹ́ sí oko àwọn àgbẹ̀ ní agbègbè Ìbàdàn láti gé igi tí ó ní àrùn lulẹ̀. Kòkòrò ni ó ń gbé àrùn náà láti igi dé igi, rírẹ́ ẹ̀ka kì í sì í wò ó sàn. Ṣùgbọ́n ojú àgbẹ̀ ni a fi gé ohun tí ó fi ń jẹun, inú bí wọn, ìjà sì ṣẹlẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn kan kò ti fẹ́ rí òṣìṣẹ́ ìjọba àti àdá ní ojú kan náà. Ẹ jọ̀wọ́, gígé igi lulẹ̀ àti rírẹ́ ẹ̀ka kì í ṣe ọmọ ìyá. Èkíní ń parí ayé igi. Èkejì ń fa ayé rẹ̀ gùn. Èkejì sì wà ní ọwọ́ ẹ̀yin tí ẹ ni ín.

Ní ti alágbàṣe, mo ní ìmọ̀ràn kan. Bí a bá ń san owó fún un lórí iye igi tí ó gé, yóò yára. Bí ó bá sì yára, yóò ṣe bí ti Jahi. Ẹ̀bi rẹ̀ kọ́, àwa tí a kò fi ọ̀nà hàn án ni. Kí ó tó dé oko, ẹ fi ẹfun sàmì sí ẹ̀ka tí ẹ fẹ́ kí ó gé. Ẹ sọ fún un pé èyí tí kò bá ní ẹfun kò gbọdọ̀ kàn án. Iṣẹ́ òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni èyí, yóò sì gbà yín lọ́wọ́ àbámọ̀ ọdún mẹ́ta.

Ẹ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ Jahi. Mo sọ fún ìbátan mi pé kí ó má hú igi náà. Mo ní kí ó po ẹfun mọ́ omi kí ó fi kun ìtì rẹ̀ nítorí oòrùn, kí ó fi koríko gbígbẹ bo ìdí rẹ̀, kí ó máa bomi rin ín díẹ̀díẹ̀, kí ó sì ní sùúrù di ìgbà òjò. Nígbà tí òjò dé, igi náà yọ ẹ̀ka mọ́kànlá láti ara ìtì. Ó fẹ́ dá gbogbo wọn sí nítorí ayọ̀. Mo ní kí ó yan mẹ́rin tí wọ́n jìnnà síra wọn, kí ó sì fi ọwọ́ ré ìyókù kúrò nígbà tí wọ́n ṣì rọ̀. Ní báyìí, òun fúnra rẹ̀ ni ó ń rẹ́ ẹ lọ́dọọdún, ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, kò sì pe alágbàṣe sí i mọ́.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, igi kò lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó ń dáhùn. Ẹ lọ dúró ní ìdí kòkó yín ní ọ̀la, kí ẹ wo ibi tí ó ń so sí, kí ẹ wo ohun tí ojú ọjọ́ ń wí, kí ẹ tó mú àdá jáde láti inú àkọ̀. Kí Ọlọ́run bù sí iṣẹ́ ọwọ́ wa.